Etí Ọ̀tún Ẹlẹ́tí

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó jí wa lónìí, tó fún wa ní ojú tá a fi ń kàwé àti etí tá a fi ń gbọ́rọ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan yẹ̀ wò.

Ẹlẹ́tí ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba orin sílẹ̀, kó sì to ohùn pọ̀ títí ẹnìkan ò fi ní bo ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Bí akọrin kan bá ṣi ohùn mú láàárín ọ̀pọ̀ èrò, Ẹlẹ́tí á nàka sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ara ògiri rẹ̀.

Ìgbà tí olórí ẹgbẹ́ akọrin kan dá iṣẹ́ padà ni wàhálà dé. "Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń pariwo mọ́ wa," ló wí. "Àfi bíi pé wọ́n ń jà." Ẹlẹ́tí tún un ṣe. Ọkùnrin náà tún dá a padà, ó ní tọ̀tẹ̀ yìí ló burú jù, pé bí kò bá tíì dáa, àwọn á gbé e fún ẹlòmíì.

"Hẹdifóònù tí mò ń dé sétí yìí ló ti kú lápá ọ̀tún," ni Ẹlẹ́tí sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ká lọ ra òmíì."

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ há, hẹdifóònù sì so rọ̀ lára ògiri bí àdán. Àbúrò rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà sórí káńtà, ó fi orin tí wọ́n dá padà náà sí i. Ẹlẹ́tí gbé àkọ́kọ́ sétí. Béèsì rẹ̀ ń dún gbì-gbì.

"Ẹ gbé e kúrò," ló sọ fún ọlọ́jà. "Ìpọ́nni lèyí ń ṣe, orin tí ò dáa á dùn nínú rẹ̀. Èyí tó máa sọ òótọ́ fún mi ni mo fẹ́."

Ó gbé èkejì. "Apá ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára." Ó gbé ẹ̀kẹta. "Ti èyí náà ò lágbára."

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọlọ́jà wí, "ṣé hẹdifóònù lẹ wá rà ni àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́? Ṣé gbogbo wọn ló máa rọ lápá kan náà?"

"Bọ̀dá mi, ẹ yí i padà lórí," ni àbúrò rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí àìlera náà bá bá a lọ sósì, a jẹ́ pé òun ló bàjẹ́."

Ó yí i padà. Lósì, orin ń dún ketekete. Lọ́tùn-ún, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ó ṣì rẹlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ó ti lọ sósì," ló wí, àmọ́ kò wojú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó darí gbogbo orin náà sí etí ọ̀tún Ẹlẹ́tí nìkan.

"Kí ló dé tó o fi pa á?" ni Ẹlẹ́tí bi í.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n yìí mà lè ṣàwàdà o! Èmi tí mo dúró síbí ń gbọ́ ọ."

Ìgbà tó rí ojú àbúrò náà ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìwọ̀nba tí Ẹlẹ́tí ti ń rò pé òun ń gbọ́ lọ́tùn-ún, etí òsì ló ń bá a gbọ́ ọ.

Ẹlẹ́tí bọ́ hẹdifóònù náà, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lórí.

"Obìnrin tó ń dákọ nínú orin yẹn máa ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bọ̀dá mi."

"Ṣé mímí rẹ̀ balẹ̀?"

"Ó ń gbọ̀n díẹ̀."

"Òun nìyẹn. Ṣé kò fún ọ lórí?"

"Kò fún mi."

"Ẹ bá a dì í," ló sọ fún ọlọ́jà.

Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá iṣẹ́ wọn, àbúrò jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ohùn apá ọ̀tún tí Ẹlẹ́tí ti gbé sókè nítorí pé kò gbọ́ wọn, àbúrò rẹ̀ ń rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó ti dọ́gba?"

"Ó ti dọ́gba."

"Tún un gbọ́."

Ó tún un gbọ́. "Ó ti dọ́gba, Bọ̀dá mi." Ọkùnrin tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ orin mi orí, ó gbà.

Lọ́sẹ̀ náà ni dókítà tó lọ rí sọ fún un pé etí ọ̀tún ti lọ pátápátá, pé ti òsì náà sì ń tẹ̀ lé e. Olórí akọrin gba orin náà tayọ̀tayọ̀. "Ẹlẹ́tí, etí yín yìí ò láfiwé!" ló ń wí lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹlẹ́tí ò dáhùn. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, ohun tẹ́ ẹ fi ń jẹun kò ní kú mọ́ yín lára. Bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú mọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, Olúwa yóò fi ẹni tí yóò dì í lọ́wọ́ mú sí tòsí rẹ̀. Àmín.