Ìdajì Korobá

Igi igbó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sorí kodò.

Luika dúró láàárín wọn lábẹ́ páànù, abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ ìsùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ìyá tí ń wo àwọn ọmọ tó kọ oúnjẹ. Níjẹta, ewé wọn ṣì nà gbọọrọ bí ìka ọwọ́ oníjó. Lónìí, gbogbo ìka náà ti rọ, wọ́n rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Bẹ́ẹ̀ omi ò sì tán o. Omi kún dẹ́nu nínú korobá kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú sí i.

Ó tún bù díẹ̀ sí i. Omi náà ò rí ibi wọ̀, ó ṣàn láti orí ọmọrí korobá, ó dà sí i lẹ́sẹ̀.

Tokuji ọkọ rẹ̀ ló ṣe àwọn korobá náà. Ṣóyù, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń bù sórí ìrẹsì, ni wọ́n fi ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n, ó kùn wọ́n ní dúdú kí oòrùn má baà rí inú wọn, ó dá ihò sí ọmọrí, ó gbé ife oníhò sínú ihò náà, ó da òkúta pupa òkè oníná sínú ife, ó sì gbin igbó sí i. Gbòǹgbò á ti inú ife jáde, á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi tí wọ́n po àjílẹ̀ sí. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí iná, kò sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń ro. Tokuji ní oko ọ̀lẹ ni, àìsàn sì ti sọ òun di ọ̀lẹ tipátipá, nítorí náà àwọn méjèèjì bára mu. Káàdì ìjọba tó gbà á láàyè láti gbìn ín fún ìlera rẹ̀ wà lára ògiri, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ike pélébé tí wọ́n so mọ́ igi kọ̀ọ̀kan lọ́rùn.

Eré kọ́ ni igbó yìí. Oògùn tí wọ́n ń fà sí Tokuji lára ní ilé ìwòsàn Hilo ń bá àìsàn inú rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ó ń bá oúnjẹ jà pẹ̀lú. Ẹ̀kán mẹ́ta òróró igbó lábẹ́ ahọ́n, kí á tó dáná kí á tó sè tán, Tokuji á ti ní kí wọ́n gbé ìrẹsì wá. Láìsí i, yóò jókòó ti abọ́ títí abọ́ á fi tutù. Òróró tó kù nínú ìgò ò ju ìbú ìka kan lọ. Òdòdó ti yọ lórí igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gé e. Lónìí gan-an ni Tokuji sì ń bọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti wà ní Hilo lọ́dọ̀ Mieko ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ kó tó wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Màmá, má fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Luika gbọ́. Kò sí ohun tó dí i létí. Ṣùgbọ́n Tokuji ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹun, gún ìdérí ìgò fúyẹ́fúyẹ́ kan tó léfòó nínú korobá kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí orí igi náà yọ láti ihò kékeré lórí ọmọrí. Bí omi bá fà, igi á rì. Lọ́jọ́ kejì tó lọ, igi náà rì ní ìwọ̀n èékánná. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún rì sí i. Ta ló fẹ́ rí ìyẹn kó dákẹ́?

Ọmọ oko kókò ni Luika, wọ́n bí i sí àfonífojì Waipiʻo, níbi tí kókò ti ń gbé inú omi bí ẹja. Ìyá àgbà rẹ̀ kọ́ ọ pé bí omi bá fà nínú oko, tí oòrùn bá rí ẹrẹ̀, kókò á jẹrà nísàlẹ̀ kí ewé tó sọ fún ọ. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń rin orí ebè yí oko ká ní òwúrọ̀, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí omi ti ń jò. Bó bá ti rí i, á fi gìgísẹ̀ ki koríko àti ẹrẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ omi kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì náà ò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aádọ́ta ọdún ni Tokuji ti fi ń pè é ní ọmọ kókò, bó bá fẹ́ mú un bínú.

Nítorí náà ó bu omi sí i. Ọ̀dá sì wà ní Puna níbi tí wọ́n ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko òjò kò kan páànù, táńkì tí wọ́n fi ń gbe òjò ti lọ sí ìdajì. Luika ń fi abọ́ kan wẹ̀, ó ń fi omi tó fi fọ ìrẹsì ṣan àwo, kí igbó Tokuji lè mu àmutẹ́rùn. Láràárọ̀ ló ń bu omi fún wọn, láràárọ̀ ló ń kọrin fún wọn:

*Mu omi, ọmọ mi, mu omi,*
*Òkè ń rọ̀, ilẹ̀ ń gbà;*
*Mu omi, ọmọ mi, mu omi,*
*Ẹni ń mumi ò ní gbẹ.*

Nígbà tí ewé kìíní rọ, ó ní òùngbẹ ni. Ó fi kún un. Nígbà tí ìkejì rọ, ó ní ẹ ò rí i, òùngbẹ náà le o. Ó tún fi kún un.

A kì í bá omi ṣọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ta wá ni ọ̀tá tó wà nílé yìí?

Fóònù dún nínú ilé. Mieko ni. Ó ní ọ̀sán làwọn á gbéra, ara Bàbá yá díẹ̀, ó ń rìn dé etí títì, ó ń padà. Luika béèrè pé ta ló ń dì í mú. Mieko ní kò sẹ́ni tó dì í mú. Luika béèrè ta ló ń fún un lóúnjẹ, ta ló ń so okùn bàtà rẹ̀. Mieko rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni. Inú Luika dùn. Nǹkan kékeré kan sì gún un láyà, bí egungun ẹja tí kò tíì mọ ibi tí yóò há sí. Oṣù mẹ́rin ló ti ń fi ṣíbí bọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu, tó ń di apá rẹ̀ mú gun àtẹ̀gùn, tó ń gbé ife sí i lẹ́nu kó tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Kò sọ̀rọ̀ igbó fún Mieko. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òun ò tilẹ̀ sọ ọ́ sọ́jà, àárín ilé ló sọ tirẹ̀ sí.

Ó wọ aṣọ, ó já ewé kan tó rọ, ó fi í sínú épúrọ́ọ̀nù, ó dá òpópónà òkúta dúdú kọjá lọ sílé Restituto.

Restituto ń gbin ẹ̀fọ́ létúùsì sínú ọgọ́ta korobá, ó ń tà á ní ọjà ọjọ́ Àìkú. Òun ló kọ́ Tokuji ní iṣẹ́ náà. Ó bá Luika padà wálé, ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ ṣì wà lápò rẹ̀. Bó ṣe rí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà tí wọ́n nà ró lórí ọmọrí bí ọmọ ogun ló bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, igbó lẹ gbìn àbí ẹja lẹ ń sìn?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Restituto. Bàbá ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí.”

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó rọra gbé ọmọrí sókè, igbó tòun ti gbòǹgbò. Gbòǹgbò náà gùn, ó kan omi láti orí dé ìsàlẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ra bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òkun. Restituto fi imú kan án, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni gbóòórùn ọbẹ̀ àná.

“Kò tíì jẹrà,” ni ó wí. “Ká ní ó ti jẹrà ni, àwọn adìẹ yín á ti kó kúrò nílé.”

“Kí ló wá ṣe é? Mo fún wọn lómi.”

“Ẹ fún wọn lómi jù. Ẹ wò ó, Àǹtí.” Ó fi ìka tọ́ ọ. “Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń mumi. Èyí tó wà lókè níbí, ó ń mí ni. Bí omi ṣe ń fà ló ń rí àyè. Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ẹ wá fi omi bò wọ́n nímú.”

Luika bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan gbòǹgbò òkè náà.

“Nítorí náà, omi tó ń fà yẹn, jíjò kọ́ ni.”

“Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn.”

Ó béèrè bóyá wọ́n á yè. Restituto ní òun kì í bá ewé dá májẹ̀mú, ṣùgbọ́n òun ti rí létúùsì tó burú jùyẹn lọ tó sì dìde. Ó fún un ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kó fa omi náà dé ìdajì, kó bo ọmọrí padà, kó sì lọ wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: nǹkan mìíràn. Ó wá padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Luika ki rọ́bà bọ inú korobá kìíní, ó fi ẹnu fà á. Ó fà á jù. Omi àjílẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó tu ú sórí adìẹ kan, adìẹ náà ké lọ. Lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó ń dà sínú agbada, ó mọ́ rekete. Nínú ọ̀dá! Omi tí kò fi wẹ̀, omi tí kò fi fọ àwo. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, gìgísẹ̀ Luika sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un gan-an, bí ẹni pé ebè kan ti já níbì kan ní Waipiʻo, tí ìyá àgbà ń pè é pé kó sáré wá dí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí ó rì. Korobá kìíní, ìkejì, ó di ìkẹfà. Ó gbé gbogbo omi náà lọ dà sídìí kókò tó wà lẹ́bàá táńkì, nítorí kókò ní tirẹ̀ kì í sọ pé ó tó.

Ìgbà tó di ọ̀sán, kò sí ohun tó yí padà. Ó se omi ẹja, ó sọ ewé kókò sí i, ó jáde wá wò wọ́n. Kò sí nǹkan kan. Ó gbá àgbàlá, ó wá wò wọ́n. Ó pa aṣọ Tokuji pọ̀, ó tún un pa, ó tún wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ rẹ̀ ti gbé abọ́ fúnra rẹ̀ tó sì gbé e padà. Níkẹyìn ó jókòó sórí àpótí, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Atẹ́gùn òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Ó rò pé atẹ́gùn ni. Igbó karùn-ún, èyí tó wà létí ìta, ewé òkè pátápátá rẹ̀ ti gbérí sókè kúrò lára igi. Ó dúró kí atẹ́gùn dẹ̀. Atẹ́gùn dẹ̀. Ewé náà ò padà sílẹ̀. Ó nà díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì péré, bí ọmọ ilé ìwé tí ìdáhùn ò dá lójú ṣe ń nawọ́.

Luika ò pariwo. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó sì rí i pé kò lè kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́:

*Rọra mí, ọmọ mi, rọra mí,*
*Omi ń lọ, àyè ń bọ̀;*
*Rọra mí, ọmọ mi, rọra mí,*
*Mo wà níbí, mi ò bù sí i.*

Ibi tó kọrin dé nìyẹn tí mọ́tò Mieko fi yà wọlé.

Tokuji sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù sí i, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí, ṣùgbọ́n okùn bàtà rẹ̀ wà ní síso, kókó rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Luika ti dé ìsàlẹ̀ kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà jáde. Ó rí ọwọ́ náà. Ó fà á padà, ó fi nu épúrọ́ọ̀nù tí kò dọ̀tí. Tokuji wò ó. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gun ọ̀kan, ó sinmi. Ó gun èkejì. Ó pẹ́ o. Mieko kó ẹrù wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Tokuji gun ẹ̀kẹta, ó gun ẹ̀kẹrin.

Ìdí korobá ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìka kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó wo ewé tó rọ, ó wo èyí tó ń dìde. Nígbà náà, ewé tó ń dìde ti pé méjì.

“Màmá.”

“Mo ń gbọ́.”

“O fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Mo kún wọn dẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo fà á.”

Tokuji tún fi ìka ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni.

“Ọmọ kókò,” ni ó wí.

Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ páànù, ó kán ẹ̀kán mẹ́ta òróró igbó sábẹ́ ahọ́n, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ Hilo, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò, títí ó fi ní òórùn ẹja náà dára. Luika wọlé. Ó bu omi ẹja sí abọ́, ó kún un títí dé etí bó ṣe máa ń kún un, kí ebi má baà pa ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ láéláé. Ó gbé e, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó padà. Ó da ìdajì rẹ̀ sínú ìkòkò.

Ó gbé abọ́ náà síwájú Tokuji, ó jẹ́ kí ṣíbí wà lórí tábìlì, ó sì lọ jókòó lódìkejì.

“Kí ló dé tí kò kún?”

“Jẹ ẹ́ ná.”

Tokuji fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ sókè. Omi ẹja náà mì lọ, ó mì bọ̀, ó gun etí abọ́, ó wo ìta, ó sì padà sínú, ẹ̀kán kan ò dà. Luika ń wo igbó karùn-ún, ó ń kun orin lábẹ́ ètè, kò sì dìde.