Ẹni Tó Yẹ Kó Lọ

"Ṣìmí, ta ló ní kí o jẹ́ kí ọkùnrin yẹn dúró?"

Màmá Jayéọlá kò tíì jókòó tó fi béèrè. Ó na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni tó wá dá ọjà tó bàjẹ́ padà.

Ṣìmí kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọkùnrin wo, mà?"

"Ezra! Ọkùnrin mìíràn wà ní Festac tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni?"

Òótọ́ ni. Láti àná tí Ṣìmí ti fi apá kẹrin ìtàn rẹ̀, Àlejò Alákijà, sórí WhatsApp, Ezra ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àkúdàáyà ni Ezra. Ó kú sí Oǹdó, ó wá ń gbé ní Alákijà bí alààyè, ó fẹ́ Stella, ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé bí ẹni tó mọ irú òkú bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ bá fojú kàn án, àfi kó pòórá. Ní apá kẹrin yìí, ẹ̀gbọ́n Ezra rí i lójúkojú ní Mazamaza. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti halẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti dìbò. Ni Ṣìmí bá jẹ́ kí Ezra kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, kó sì padà sílé lọ jẹ ẹ̀wà.

"Àǹtí Ṣìmí, ọpọlọ yín pé!" Lilian, ọ̀kan lára wọn, ló kọ ìyẹn. "Tí Ezra bá lọ, èmi náà ń bá a lọ ni."

Débọ́lá ní tirẹ̀ ní: "Ọkùnrin tó ń fọ abọ́, ta ló máa lé irú ẹ̀ lọ? Àwọn alààyè tó wà ńlé, kí ni wọ́n ń fọ̀?"

Bọ̀dá Múyìwá tó ń tẹ apá kọ̀ọ̀kan jáde bí ìwé pélébé ní Alákijà ti ń retí iṣẹ́ náà kó tó di ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó bínú, àfi ìyá yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò fo ojú ìwé kan rí.

"Mà, àwọn èèyàn ni ò fẹ́ kó lọ."

"Ta ló fẹ́ kí tiẹ̀ lọ?" Ìyá náà wá jókòó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́dún tí Bàbá Jayéọlá kú, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, púlọ́mbà kan wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe. Kò mọ̀ wá rí. Ó rí fọ́tò ọkọ mi lára ògiri, ó ní, 'Háà, bàbá yìí! Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wọ́n ti ń ra ẹ̀pà ní Lafẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.' Pásítọ̀ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ àkúdàáyà. Mo ṣe 'Àmín.' Ṣùgbọ́n ọdún keje rèé, mi ò dé Abẹ́òkúta."

"Ṣebí ibẹ̀ ni Àǹtí Jayéọlá ń gbé?"

"Ó ti bímọ méjì níbẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n. Kí n má lọ ṣèèṣì rí bàbá wọn àgbà lójú títì, kí n sì fojú ara mi lé e lọ. Mo ní kó máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀." Ó tẹjú mọ́ Ṣìmí. "Ìwọ wá kọ ọ́ pé wọ́n lè rí i, kó sì dúró. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí tèmi ò wálé?"

Ṣìmí, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, gba fóònù náà, ó tún ìparí rẹ̀ kà. Ó fẹ́ sọ pé ìtàn lásán ni. Ó dá fóònù náà padà fún un.

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Bí Ezra bá dúró, á jẹ́ pé ọkọ obìnrin yìí ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí Ezra bá sì lọ bí òkú ṣe ń lọ, inú fóònù náà ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa dàgbà sí. Ó pe Bọ̀dá Múyìwá.

"Ṣìmí, mo ti tan ẹ̀rọ o!"

"Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún ìpàdé Mazamaza kọ. Ezra rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókèèrè. Ó lè sá pamọ́. Ó kúkú ti ń sá láti apá kìíní. Kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. "Sísá ti sú mi," ló wí. "Ojú ẹni tó fẹ́ràn mi ni mo fẹ́ kó rí mi gbẹ̀yìn. Ẹ sọ fún wọn nílé, kí ẹnikẹ́ni má yà fún ọ̀nà kankan mọ́ nítorí mi." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa fi dì mọ́ ọn, ẹ̀wù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé e sórí WhatsApp, èébú sì wá. Lilian fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Débọ́lá ní òun ò ní ka apá karùn-ún láéláé. Ó wá béèrè ìgbà tó máa jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Jayéọlá pè.

"Ṣìmí, ọkọ̀ Abẹ́òkúta, ṣé Mile 2 náà ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó dáa. Màá gba Lafẹ́nwá."