Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbàgbé Ná

3.

…torí náà la ṣe já gbogbo àwòrán ara ògiri kíláàsì kalẹ̀, títí kan ti kangarú tó wọ ṣòkòtò. Àyè inú ọpọlọ ọmọdé ò tó nǹkan. Kangarú oníṣòkòtò ń gba àyè ìṣirò.

Èmi Lorna Petrakis, tíṣà kíláàsì kejì, ni mo kọ ètò ẹ̀kọ́ tuntun yìí. Tó bá dàrú, èmi náà ni kẹ́ ẹ bú.

4. ÌKÉDE LẸ́NU Ọ̀NÀ ILÉ ÌWÉ WIRRABEE

Ẹ̀yin òbí, a ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan díẹ̀. A ó jẹ́ kí wọ́n gbàgbé díẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó bi wọ́n. Ohun téèyàn bá làágùn kó tó rántí kì í tètè lọ.

*(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sábẹ̀: Ọkọ mi náà máa ń gbàgbé. Ṣé kó wá forúkọ sílẹ̀?)*

5. ÌPÀDÉ ÒBÍ

HOSKIN (bàbá Tamsin, tó ń rẹ́ irun àgùntàn): Ẹ ní kí ni? Ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní ìgbàgbé?

ÈMI: Díẹ̀ ni, sà. Kó lè rántí dáadáa.

HOSKIN: Ọ̀fẹ́ ló ń ṣèyẹn nílé!

TULLY (ọ̀gá wa): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páì. Ó ṣì gbóná.

HOSKIN: Páì ò lè gbà yín lọ́wọ́ mi.

*(Ó mú méjì.)*

6.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí pé báwo. Àwọn ọmọ ti ń fi ìṣirò bú ara wọn níta: “Orí ẹ bí orí ẹni tí ò mọ méje lọ́nà mẹ́jọ!”

7.

TAMSIN: Tíṣà, tẹ́nikẹ́ni ò bá wá bi mí ní nǹkan kan mọ́ ńkọ́?

ÈMI: Á máa lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

TAMSIN: Pátápátá?

ÈMI: Jókòó dáadáa.

8.

Janine, ìyá Tamsin, kú nígbà òtútù tó kọjá. Gbogbo Wirrabee ló mọ̀. Èmi náà mọ̀. Mo ṣì ní kó jókòó dáadáa.

9. ÀWỌN KÁÀDÌ TAMSIN

*(Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ ìbéèrè síwájú, ìdáhùn sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wá bi í.)*

Kí ni olú ìlú Fíjì?

Mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mélòó?

Orin wo ni Mọ́mì máa ń kọ tó bá ń wa mọ́tò?

Òórùn kí ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀?

10. HOSKIN, LÓRÍ FÓÒNÙ

Tamsin ti sọ ọ̀rọ̀ káàdì yẹn fún mi. Ta ló ní kẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ ìyàwó mi sílẹ̀? Mo ti kó gbogbo fọ́tò ẹ̀ pa mọ́ kọ́mọ yẹn lè sinmi. Ẹ dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀.

11.

Ó dé tòun ti irun àgùntàn lára aṣọ. Ọ̀gá Tully rántí lójijì pé òun níṣẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Mo kó káàdì náà fún un. Ó yí wọn wò. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ti Fíjì. Ẹ̀yìn àwọn ti Janine ṣófo.

HOSKIN: Ó ti gbàgbé ni?

ÈMI: Mi ò mọ̀. Ẹ bi í.

12.

Hoskin fún ara ẹ̀ sórí àga ọmọdé níwájú Tamsin. Orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n.

HOSKIN: Tammy. Tínú bá ń bí Mọ́mì… kí ló máa ń pè mí?

 Tamsin nawọ́ sókè, bá a ṣe kọ́ wọn pé kẹ́ni tó bá mọ ìdáhùn máa ṣe.

Hoskin wò mí. Èmi náà wò ó.

13.

Ọwọ́ náà ṣì wà lókè.