Ìyìn Gómìnà ní Èdè Róòmù

3.
…tí wọ́n sì fi òòlù fọ́ ìka rẹ̀ mẹ́rin.

Irọ́. Mẹ́fà ni. Wọ́n fọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún tán kí wọ́n tó bọ́ sí tòsì. Adédàmọ́lá ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nílé lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, àbúrò kan ṣoṣo tí Èyíwùnmí, tíṣà Látìnì ní Amẹ́ríkà, ní. Oníròyìn ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé gómìnà ìpínlẹ̀ wọn ló rán àwọn tó yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Wọ́n tì í mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

4.
ÌKÉDE LÁRA ÌLẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀ṢÌ YORÙBÁ, GLENARDEN, AMẸ́RÍKÀ
*Gómìnà wa ń bọ̀ láti ilé wá bá wa dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ tètè dé. Ẹ má ṣe gbé mọ́tò síbi tá a yà sọ́tọ̀ fún aláàbọ̀ ara.*

5.
Lórí fóònù.

RASAQ, AKỌ̀WÉ GÓMÌNÀ: Ẹ káàárọ̀ ma. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Latin ní Riverdale Park.
ÈYÍWÙNMÍ: Èmi ni.
RASAQ: Ọ̀gá fẹ́ citation, ìwé ìyìn tí wọ́n máa kà fún wọn ní Sunday. Ní Latin o, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn emperor Róòmù.
ÈYÍWÙNMÍ: Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?
RASAQ: Ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá. Ìdí tá a fi pè yín nìyẹn ma. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Monday ni àbúrò yín máa jáde.
ÈYÍWÙNMÍ: Tí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?
RASAQ: Ìka ṣì ku mẹ́rin ma.

6.
Ohun tó kọ sára bọ́ọ̀dù fún kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nípa àwọn òǹkọ̀wé Róòmù:

— Ọ̀kan yin ọba. Wọ́n fún un ní oko.
— Ọ̀kan kọ orin tí inú ọba ò dùn sí. Wọ́n lé e lọ sétí òkun tó tutù. Ibẹ̀ ló kú sí.
— Ọ̀kan bú àwọn alágbára. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé wọn kọ́ síbi tó ti máa ń bá ìlú sọ̀rọ̀.

Jessica, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nawọ́, ó béèrè pé ta ló wá borí nínú wọn. Èyíwùnmí nu bọ́ọ̀dù.

7.
Ó kọ ọ́.

7, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ẹ má tíì bú u. Ẹni tí wọ́n bá ti fi òòlù fọ́ ìka àbúrò rẹ̀ rí ni kó wá dá a lẹ́jọ́. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ gómìnà mọ́, pé baba àwọn aláìníbaba ni. Kò dùn ún. Èdè tí ẹnikẹ́ni ò fi sunkún mọ́, irọ́ inú rẹ̀ ò wúwo: ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ìlà kejì tilẹ̀ dùn létí. Inú bí i pé ó dùn.

8.
ÌYÁ RẸ̀, LÓRÍ WHATSAPP: *Èyíwùnmí, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú àbúrò ẹ ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní kó máa wo ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ọmọ mi, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.*

9.
Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ka Látìnì náà láìkọsẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe halelúyà.

GÓMÌNÀ: Ẹ ṣeun, tíṣà. Ó dùn, àmọ́ àwọn èèyàn wa ò gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá.
ÈYÍWÙNMÍ: (ó ká ìwé náà, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀)
GÓMÌNÀ: Ẹ kọjú sí kámẹ́rà, kí àwọn ará ilé náà lè gbọ́.

10.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ọwọ́ gómìnà mọ́. Ọmọ kékeré lè pè é.

Ó ti bu ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó wù ú kó la irin máìkì náà mọ́ gómìnà lẹ́nu, kí eyín rẹ̀ dà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Inú kámẹ́rà dúdú. Àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń wò ó.

11.
"Ọwọ́ gómìnà," ó ní,