Ohùn Tí Ń Yára

Lọ́jọ́ tí àwọn onílé pe ìpàdé lórí bóyá kí wọ́n ra citofono, mi ò lè jókòó. Mo gbá àtẹ̀gùn láti òkè délẹ̀, mo tún un gbá, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Èmi ni aṣọ́nà ilé alájà márùn-ún yẹn ní Torino nílẹ̀ Ítálì, látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Bí àlejò bá dé, èmi ni màá gòkè lọ sọ fún onílé. Yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì ni mò ń sùn. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ nìyẹn. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún wọn. Mo ṣebí wọ́n mọ̀.

Citofono ọ̀hún, bọ́tìnì ni lẹ́nu géètì. Àlejò á tẹ̀ ẹ́, á sọ̀rọ̀, wọn á gbọ́ ọ lókè, wọn á sì ṣílẹ̀kùn fún un láti ibẹ̀.

Tíṣà Valdesi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ lédè Látìn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní "cito" lẹ́nu àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni kíákíá. "Fono," ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, òun ni ohùn. Ohùn tí ń yára. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ń pín ṣúgà fọ́mọdé. Èmi wà lẹ́yìn òpó, mò ń lọ́ etí aṣọ mi. Mo béèrè pé kí ló ń lé ohùn náà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin àjà kejì ní, "Ersilia, ẹsẹ̀ tìẹ náà kúkú ń yára, ọ̀la ló kàn máa ń dé."

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ nawọ́. Bice, ìyá àgbà àjà kẹta, ni mo gbójú lé, torí èmi ni mò ń gbé ọbẹ̀ gòkè fún un. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Orúnkún rẹ ti wú. Lọ sinmi."

"Kí n sinmi níbo, mà?"

Wọ́n ti ro ti orúnkún mi, kò sẹ́ni tó ro ti bẹ́ẹ̀dì mi. Tíṣà rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìpàdé ti kà á mọ́ ìbò.

Bice ní yàrá ọmọ òun tó lọ sí Ajẹntínà ṣófo.

Bí mo ṣe kó lọ sí àjà kẹta nìyẹn. Bí citofono bá dún, Bice á gbé e, á ní, "Ta nìyẹn?" Kó tó gbọ́ èsì, ẹsẹ̀ mi ti wà lórí àtẹ̀gùn. Àárín ọ̀nà ni àlejò á ti pàdé mi, tí mò ń mí hẹlẹ, á ní wọ́n mà ti ṣílẹ̀kùn fóun.