Nígbà Tí Wọ́n Ṣí Ibojì Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́

6.

…torí pé omi ti fọ̀ ọ́.

Ohun tí olùyẹ̀wò sọ nìyẹn, bí ògbufọ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Télọ̀ àti ìyá àgbà. Gáùn náà wà lórí tábìlì láàárín wọn. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ká a dáadáa bí aṣọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà.

Télọ̀ ló rán an. Ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí gáàsì olóró balẹ̀ sí àdúgbò wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ìyàwó rẹ̀ bu omi, ó mú ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, torí pé kò fẹ́ kí aṣọ ọmọ òun máa rùn. Ọwọ́ rẹ̀ léròrò. Láti ìgbà náà, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́.

"Wọ́n ní mo fọ ẹ̀rí dànù," ni ìyá àgbà wí.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá," ni ògbufọ̀ dáhùn.

"Mo gbọ́ èyí tí wọn ò sọ."


7.

ÌKÉDE
(èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀)

BÍ Ẹ BÁ GBỌ́ ÌRÓ BỌ́ǸBÙ
Ẹ SỌ̀ KALẸ̀ SÍ YÀRÁ ABẸ́ ILẸ̀.
Ẹ TI ILẸ̀KÙN. Ẹ DÚRÓ SÍBẸ̀.


8.

ÌKÉDE
(tuntun, lórí ògiri kan náà, ẹnikẹ́ni ò rántí yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò)

BÍ Ẹ BÁ GBỌ́ ÒÓRÙN TÍ Ẹ Ò MỌ̀
Ẹ MÁ SỌ̀ KALẸ̀.
GÁÀSÌ WÚWO JU AFẸ́FẸ́ LỌ. Ẹ GÒKÈ. Ẹ GÒKÈ.


1.

Láàárín ìkéde méjèèjì ni ìyàwó Télọ̀ kú.

(Ibí ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu kò gbà á.)

Ìsọ̀ Télọ̀ wà ní àjà tó ga jù nínú ilé náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Nígbà tí bọ́ǹbù dún, ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé. Ó ṣe ohun tí ìkéde ní kó ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀. Òun gan-an ló ti ilẹ̀kùn.

Télọ̀ ló ṣí i.

Ó bá a níbi tó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo imú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìborùn náà kò gba ọmọ náà là.


9.

Lórí rédíò:

"…kò sí gáàsì kankan. Èéfín àdògán ló pa àwọn èèyàn náà, torí pé wọ́n ń dáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ìjọba kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn ẹbí…"


10.

ÌFỌ̀RỌ̀WÁNILẸ́NUWÒ
Ibi: yàrá ìkàwé kan, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa
Àwọn tó wà níbẹ̀: olùyẹ̀wò, ògbufọ̀, Télọ̀

OLÙYẸ̀WÒ: Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló jọ búra pé àwọn ò ní ṣe ohun ìjà olóró, àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀, àwọn ò sì ní lò ó. Èyí tó wà nílẹ̀, kí a sun ún. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń sun ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn.

TÉLỌ̀: Ẹ ò sun ún tán.

OLÙYẸ̀WÒ: A rò pé a ti sun ún tán.

TÉLỌ̀: Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

OLÙYẸ̀WÒ: Aṣọ ti di fífọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀, òjò ti rọ̀ sí i. Ibi tí ẹ̀rí ṣì lè wà…

(Ògbufọ̀ dákẹ́. Olùyẹ̀wò tún ọ̀rọ̀ náà sọ.)

ÒGBUFỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ó ní, nínú ara wọn.

TÉLỌ̀: Bí ẹ bá rí i, ẹ máa sọ ẹni tó jù ú?

OLÙYẸ̀WÒ: Rárá. Mi ò ní tàn yín. Wọ́n rán wa láti mọ̀ bóyá wọ́n lò ó, àti irú èyí tí wọ́n lò. Ẹni tó lò ó, wọn ò fún wa láṣẹ láti wádìí rẹ̀.

TÉLỌ̀: Ta ni kò fún yín láṣẹ?

OLÙYẸ̀WÒ: Àwọn tó búra.


11.

Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ ni. Tí bàbá kan bá sọ pé "mo gbé ọmọ mi jáde," òun náà á sọ pé "mo gbé ọmọ mi jáde," ní èdè kejì. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò bímọ rí. Ó ti gbé ọmọ jáde láìmọye ìgbà.


12.

Ilé ìyá àgbà, lọ́sàn-án. Télọ̀ kò jókòó.

"Ẹni tó ti sùn lẹ fẹ́ jí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí i. Mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó kú. Ọwọ́ ta ló tún kù tó fẹ́ kàn án?"

"Wọ́n ń sọ lórí rédíò pé èéfín àdògán ló pa á."

"Àdògán?" Ìyá àgbà dìde. "Ọmọ tèmi? Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá kúrò nídìí iná, ó tún ń padà lọ wò ó bóyá ó ti kú? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ẹ, ẹ mọ̀ pé ìwà ẹ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀, Màmá. Àmọ́ bí a ò bá jẹ́ kí wọ́n ṣí i, àdògán náà ló máa wà nínú ìwé. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá dàgbà, àdògán ni wọ́n máa kà fún un."

Ìyá àgbà tún jókòó. Ó nu ojú rẹ̀ ọ̀tún tí omi kì í gbẹ níbẹ̀ mọ́.

"Bí wọ́n bá ṣí i," ló wí, "wọ́n á mọ ẹni tó ṣe é?"

Télọ̀ wolẹ̀.

"Wọ́n á sọ òótọ́, Màmá."

Kò parọ́.

Kò sì dáhùn ohun tó bi í.


13.

ÌWÉ ÌYỌ̀ǸDA

Ìbátan òkú: ÌYÁ (àtẹ̀ka)
Ìbátan òkú: ỌKỌ (ìbuwọ́lù)
Ohun tí a ó bù: irun, èékánná, díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró

(Ògbufọ̀ kò ka ìlà kẹta sókè. Ìka ló fi tọ́ka sí i, fún Télọ̀ nìkan.)


14.

Ní òwúrọ̀ ni wọ́n ṣí i.

Aṣọ funfun bo àwọn olùyẹ̀wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú Télọ̀ lọ síbi ojú rírán aṣọ náà. Wọ́n ti fi nǹkan lẹ gbogbo rẹ̀ pa, ihò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ojú rírán náà. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Bí kò bá wo ibẹ̀, ibòmíràn ló máa wò.

Wọ́n ní kí ìyá àgbà dúró lẹ́yìn okùn. Ó dúró. Nígbà tó rí i pé ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí orí ọmọ rẹ̀, ó ké sí i:

"Ẹ rọra o! Kì í fẹ́ kí wọ́n fa irun rẹ̀. Láti kékeré ni. Ẹ rọra."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Olùyẹ̀wò dáwọ́ dúró. Ó gbé ohun tó fẹ́ fi fa irun náà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gba àlùmọ́gàjí, ó fi gé e, díẹ̀díẹ̀.


15.

Wọ́n di ohun tí wọ́n bù, wọ́n lu èdìdì lé e, wọ́n gbé e lọ sí pápákọ̀ òfúrufú.

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí láyé ẹ̀.


16.

(Lórí fóònù, láràárọ̀.)

TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé wọ́n ti gbọ́ nǹkan kan?

ÒGBUFỌ̀: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ilé àyẹ̀wò méjì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe sùúrù.

TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀ o.

ÒGBUFỌ̀: Kò tíì sí, ẹ̀gbọ́n.

TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀ o.


17.

Tẹlifíṣọ̀n gbé ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè jáde. Gbọ̀ngàn ńlá, omi nínú ìgò níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní ohun tó ṣẹlẹ̀ bani nínú jẹ́. Èkejì ní kò dá òun lójú pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n yí gbólóhùn kan padà nínú ìwé. Wọ́n yí i padà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ jẹun.

Ìyá àgbà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án. Ojú òsì nìkan ló ń lò.

"Ṣé èyí ni?" Ó fi ìka kan ọkùnrin kan.

"A ò mọ̀, Màmá."

"Àbí èyí?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wúkọ́ níbi tó jókòó sí. Àwọn àgbà méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Omi ló fẹ́ pá mi lórí," ni ọmọ náà wí.


18.

ÀBÁJÁDE

Ilé àyẹ̀wò méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Gáàsì olóró tí àdéhùn kà léèwọ̀ ni wọ́n lò. Kò sí àmì èéfín àdògán.

Ẹni tó lò ó kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí a wádìí.


19.

Yàrá ìkàwé kan náà. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́. Ta ni?

OLÙYẸ̀WÒ: Màmá, wọn ò rán wa ní ìyẹn.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo bi yín. Ta ni?

ÒGBUFỌ̀: Màmá, wọ́n gbọ́ o. Wọn ò láṣẹ ni.

(Ìyá àgbà yíjú sí Télọ̀.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

TÉLỌ̀: Mo mọ̀, Màmá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí n tó tẹ̀ka?

TÉLỌ̀: Kí ẹ tó tẹ̀ka.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ̀ẹ̀mejì lo gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́, mo jó.

(Ògbufọ̀ kò túmọ̀ èyí. Olùyẹ̀wò kò sì béèrè.)


20.

Rédíò kò sọ̀rọ̀ àdògán mọ́.

Kò sọ̀rọ̀ nǹkan kan mọ́.


21.

Ìyá àgbà kò bá Télọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti ilé ìwé dé, á gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọ jẹun, á sì gbé abọ́ bàbá rẹ̀ bọ̀, oúnjẹ tó gbóná, tí a dé dáadáa. Télọ̀ á ní, "Kí ni Màmá wí?" Ọmọ á ní, "Wọn ò wí nǹkan kan."

Abọ́ náà kò yé wá.


22.

Ìwé mìíràn dé.

Àwọn orílẹ̀-èdè ti jà títí, wọ́n ti dìbò. Wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ tuntun dìde, wọ́n sì fún un láṣẹ láti wádìí ẹni tó ṣe é. Ìgbìmọ̀ náà ń bẹ ẹbí. Ó lè di dandan kí àwọn tún ibojì náà ṣí. Àwọn ò lè ṣèlérí pé àwọn máa rí ẹni náà. Bí àwọn bá sì rí i, àwọn ò lè ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni máa mú un.

Ọkọ àti ìyá ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹnì kan kò tó.

Télọ̀ lọ sí ilé ìyá àgbà. Ó kan ilẹ̀kùn. Wọn ò ṣí i.

"Màmá, ìwé ló dé."

"Kà á níbẹ̀."

Ó kà á níta, lórí ìdúró. Kò fo ìlà kankan. Ó ka ibi tí wọ́n ti ní àwọn ò lè ṣèlérí, ó ka ìkejì. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó. Nígbà tó kà á tán, ó dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Àga náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró. Ó gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe jókòó. Ó gbọ́ èémí rẹ̀.

"Tún un kà," ló wí.