Àgbò Alhaja àti Páálí Mi

Mi ò fẹ́ràn aṣọ kíká. Ọlọ́run tó dá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mikail ọkọ mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún la sì ti jọ ń fa aṣọ yọ lórí àga láìbá ara wa jà. Alhaja Àjọkẹ́, ìyá ọkọ mi, ni àga náà ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo tá à ń gbé, wọ́n wo òkìtì aṣọ náà títí.

"Fàdìlàt, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ yín lẹgbẹ́ àsàlátù wa máa jókòó sí. Tí mo bá tún bá aṣọ lórí àga yìí, màá mú Zubaidah ọmọ àbúrò mi wá fún Mikail. Ó mọ ilé tún ṣe. Ẹ ó jọ máa ṣe é."

Mikail wo ilẹ̀. Ǹ bá sọ pé ó gbèjà mi, àmọ́ ilẹ̀ ló wò. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín ọkọ mi, bó ti wù kó mọ ilẹ̀ wò tó.

Apá wa ò ká wọ́dúróòbù. Orí fóònù ni mo ti rí obìnrin kan tó ń fi aṣọ bo páálí, tó tò wọ́n sára ògiri, tí yàrá ẹ̀ wá dà bíi tolówó. Ni mo bá lọ bá Lazarus tó ń ta ọtí ní gáréèjì Lalupon. Páálí bisikíìtì kì í pẹ́ rọ̀, àmọ́ ìgò ni páálí ọtí ń gbé, ó lágbára. Ó fún mi ní mẹ́fà, àwòrán ìgò gbàǹgbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí bóyá Alhaja mọ̀ sí i. Mo ní kó máa ta ọtí ẹ̀.

Télọ̀ ìtòsí wa fún mi ní àjákù áńkárá. Ó wá ku ohun tí màá fi lẹ̀ ẹ́. Ní Lalupon, ta ló ń ra gúlúù? Mo gba omi ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún gàrí, mo jẹ́ kó tòrò, mo sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ se sítáàṣì tó ki. Ìyá tó bí mi máa ń ní kéèyàn bu iyọ̀ sí i kó má baà kan. Mo bu ú dáadáa.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gbẹ, wọ́n ń dán, gbogbo aṣọ wa sì ti wọ inú wọn. Àga wá fojú hàn. Àwọ̀ ewé ni, mo ti gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mẹ́sàn-án wọlé. Wọ́n ń fọwọ́ pa páálí, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́.

Alhaja sọ fún wọn pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Irọ́ gbuu. Wọ́n tún gbé Kùránì wọn lé orí páálí tó ga jù. Ọkàn mi já, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín.

Alhaja, tá a jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà, ní àgbò kan tí wọ́n ń sìn de Iléyá. Èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ láti kékeré, wọn kì í so ó, bí ọmọ ilé ló ṣe ń wọlé tó ń jáde. Àdúà ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tó fi wọlé. Gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́, wọ́n dijú. Èmi nìkan ló lajú, ta ló sì máa pariwo nídìí àdúà? Àgbò lá páálí lẹ́ẹ̀kan, ó tún un lá, ó wá feyín fa áńkárá ya láti òkè délẹ̀.

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n lajú, ìgò ọtí ni wọ́n bá pàdé, Kùránì lórí ẹ̀.

Ìyá Khàlíl, tó le jù nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Wọ́n wo àwòrán náà dáadáa.

"Ṣé kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn tí Baba Khàlíl máa ń mu nìyí?"

Ó tó ìyá mẹ́ta tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó sì hàn pé ẹ̀yìn ń dun ọkọ tiwọn náà.

Alhaja gbé Kùránì wọn mọ́ àyà, wọ́n ní àsàlátù ti parí. Nígbà tó ku àwa méjèèjì àti àgbò, wọ́n fi ìka kan sítáàṣì, wọ́n tọ́ ọ wò.

"O bu iyọ̀ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nílé tí ẹran wà."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ Zubaidah wá ńkọ́?"

Wọ́n wo páálí, wọ́n wo àgbò tó ṣì ń jẹ áńkárá lẹ́nu, wọ́n wá wo èmi.

"Ìwọ nìkan fi aṣọ bo páálí ọtí, mi ò mọ̀, mo tún ń sọ fáráyé pé èmi ni mo kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wá di méjì, kí lẹ ò ní bò mọ́ mi lójú? Dìde, lọ se sítáàṣì míì. Má bu iyọ̀ sí i."